Ohun Tí Hàmdálàt Ń Lò

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Ganiyat jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Rumuomasi, nílùú Port Harcourt, ó ń ṣẹ́ etí bùbá, ó sì ń pòṣé. Kì í ṣe bùbá ló ń bí i nínú. Fọ́tò tí Hàmdálàt gbé sórí Wáàsáàpù láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Hàmdálàt yìí ni ìyàwó Shamsudeen, àbúrò ọkọ rẹ̀, Rumuibekwe ni wọ́n sì ń gbé. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ó tún ń kọ́ni níléèwé, síbẹ̀ ojú rẹ̀ nínú fọ́tò ń dán bí ẹni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ wà láyé.

Ọmọ méjì péré ni Ganiyat bí ní tirẹ̀, àmọ́ bó bá gun àtẹ̀gùn ilé, àfi kó dúró mí. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tó ti ń rẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká sọ òótọ́, àárẹ̀ yẹn kò dùn ún tó ọ̀rọ̀ tí Ọ̀ṣẹ́nì ọkọ rẹ̀ sọ lọ́jọ́ iléyá. Ọ̀ṣẹ́nì wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ níbi tó ti ń pín ẹran, ó ní, "Ìyá Bilkis, ṣé o rí Hàmdálàt? Kì í rẹ obìnrin yẹn." Gbólóhùn kan péré ni. Láti ọjọ́ náà ni owú ti wọ Ganiyat lára, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú Sátidé yìí, Comfort, oníbàárà rẹ̀ kan tó máa ń gbé oògùn kiri nínú báàgì, ló kọ́kọ́ fún un ní ìrètí. Ó wojú Ganiyat, ó mi orí. "Mama Bilkis, your adrenal don tire. Na stress. Na vitamin C e dey find." Ó ṣàlàyé fún un pé ádírínà ni ẹran kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín, pé òun ló ń fún ara lágbára nígbà wàhálà, pé tirẹ̀ ti rẹ̀, hóró fítámì C inú ìgò òun ló máa jí i. Kó lo ọ̀kan láàárọ̀, kó lo ọ̀kan lálẹ́. Ganiyat rà á lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ara kò dán, àárẹ̀ kò lọ. Ni Ganiyat bá sọ fún ara rẹ̀ pé ojúlówó fítámì C wà lọ́wọ́ Hàmdálàt. Ìgbéraga kò jẹ́ kó pè é. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i: "Hamdalat, vitamin C wo lo n lo ti ara re fi n dan bayi?"

Èsì dé kíákíá: "Ah, iyale mi! Osan ni mo n lo o."

Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ta ló ń fi àmì ohùn sórí Wáàsáàpù? Ohun tí Ganiyat kà níbẹ̀ ni pé ọ̀sán ni Hàmdálàt ń lò ó. Inú bí i. "Mo bi í ní orúkọ oògùn, ó ń dá àsìkò fún mi! Ó ń fi pamọ́." Abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ẹni tó bá fi owú béèrè lè sọnù sínú ìdáhùn. Kàkà kó tún bi í, ó pinnu pé bí Hàmdálàt bá ń lo ọ̀kan lọ́sàn-án, méjì ni tòun. Ó fi méjì ọ̀sán kún ti àárọ̀ àti ti alẹ́. Ó di mẹ́rin lójúmọ́, fún oṣù méjì gbáko. Kì í sì í mu omi tó, nítorí ilé ìtọ̀ jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé yìí, ó gbé méjì náà mì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò tíì ṣẹ́ etí bùbá tán tí nǹkan fi gún un ní ìhà òsì, tí ìrora náà sì sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ ikùn. Ó ṣubú kúrò lórí àga. Nígbà tí Ọ̀ṣẹ́nì fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Dókítà Tósìn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Port Harcourt, yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ya àwòrán inú rẹ̀. "Òkúta ló wà nínú kíndìnrín yín, Mà. Ó ti dí ọ̀nà ìtọ̀. Oògùn wo lẹ ń lò?"

Ọ̀ṣẹ́nì ló tú báàgì Ganiyat, tó sì fa ìgò náà yọ. Dókítà kà á lára rẹ̀ pé mílígíráàmù ẹgbẹ̀rún kan ni hóró kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́lòó lójúmọ́?"

"Mẹ́rin," ni Ganiyat fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn.

"Mẹ́rin! Ó ti lé ní ìlọ́po ogójì ohun tí ara obìnrin ń fẹ́. Ọsàn ńlá kan péré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún yín lóòjọ́. Gúáfà kan tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ara á fẹ́ dà á nù, ibẹ̀ ni apá kan rẹ̀ ti lè di òkúta. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣẹlẹ̀ sí, àmọ́ ó ṣẹlẹ̀ sí yín."

"Ádírínà mi tó rẹ̀ ńkọ́?"

"Òótọ́ ni pé ádírínà ń lo fítámì C, àmọ́ kò sí ẹ̀rí pé kíkó hóró rẹ̀ jẹ ló ń jí i. Àìsàn ádírínà gidi wà, kò wọ́pọ̀, ẹ̀jẹ̀ la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lára yín, òun ló ń fa àárẹ̀ náà. Báwo ni nǹkan oṣù yín?"

Ganiyat bojú. Oṣù mẹ́jọ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ya lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún dókítà.

Àsìkò náà ni Hàmdálàt wọlé tòun ti láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Bí Ganiyat ṣe rí i, owú ọjọ́ pípẹ́ bú jáde. "Ìwọ lo fà á! Ìwọ lo ní ọ̀sán lo ń lò ó!"

"Èmi? Afternoon ke?" Hàmdálàt tú láílọ́ọ̀nù náà. "Ìyálé mi, ọsàn ni mo wí o! Na orange I dey lick! Òun náà ni mo rà wá fún yín yìí."

"Fọ́tò yẹn ńkọ́? Ojú tó ń dán?"

"Na filter, Mà, fóònù ló ń mú ojú dán bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ fún yín pé kì í rẹ̀ mí? Mo máa ń sunkún nínú báàfù nígbà mìíràn."

Ọ̀ṣẹ́nì wolẹ̀. Ganiyat sunkún, ìtìjú sì dùn ún ju òkúta lọ.

Wọ́n fọ́ òkúta náà, àmọ́ kíndìnrín òsì kò padà sí bó ṣe wà. Lóṣooṣù ló gbọ́dọ̀ máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ó ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀fọ́ ugu tí iná kò pa jù, ó ń fi ọsàn tẹ̀lé e nítorí pé ó ń jẹ́ kí ara rí èròjà ẹ̀jẹ̀ gbà nínú ẹ̀fọ́, ó sì ń mu omi. Owú náà kò tíì tán pátápátá. Àmọ́ bó bá fẹ́ mọ nǹkan nípa Hàmdálàt, ó ń pè é, ó sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, bó bá ti ń rẹ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń gbé báàgì kiri sọ orúkọ àìsàn rẹ fún ọ. Lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Bí dókítà bá ní kí o lo hóró fítámì C, lò ó bó ṣe wí, má fi ọ̀kan kún un. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ọsàn wà lọ́jà, gúáfà wà, ata rodo wà lórí ọlọ. Bí ara ẹlòmíràn bá sì ń dán lójú rẹ, bi í lẹ́nu, kí o dúró gbọ́ ohun tó máa sọ.