Ọkùnrin tí Wọ́n Ń Pa ní Ọjọọjọ́rú

Ọkùnrin náà jókòó ní ibùdókọ̀, ọfà gún un láyà, ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin, ó sì ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé. Ọ̀sán ọjọ́ tí Fusae bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Uzumasa, ní ìlú Kyoto, ló rí i. Àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó sáré dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà tó ń tú aṣọ rẹ̀ wá ojú ọgbẹ́.

"Ẹ rọra, nọ́ọ̀sì," ni ọkùnrin náà wí, ìrẹsì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti kú lẹ́ẹ̀kan ní agogo mẹ́wàá, mo sì tún máa kú ní agogo méjì. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan panu láàárín ikú méjèèjì."

Òṣèré ni, Isamu lorúkọ rẹ̀. Nínú eré àwọn jagunjagun àtijọ́ tí wọ́n ń ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò náà, òun ni akọni eré máa ń fi idà tàbí ọfà pa. Fusae bínú, ó sunkún, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Kí ewé igi tó pọ́n nígbà ìwọ́wé lọ́dún náà, àwọn méjèèjì kì í jẹun ọ̀sán lọ́tọ̀ mọ́.

Bàbá Fusae, Ọ̀gbẹ́ni Hirobe tó ń kan àgbá igi, ni ọ̀ràn wá kù sí lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tẹlifíṣọ̀n ló ń bá a gbélé: àwọn aláwàdà méjì-méjì lọ́jọ́ Àìkú, ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ́sàn-án, eré jagunjagun ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Nígbà tí Isamu wá tọrọ ọmọ, tó forí balẹ̀ lórí ẹní, bàbá wò ó títí. Ó bi í pé ṣé Isamu kọ́ ni wọ́n pa lórí afárá nínú eré lọ́sẹ̀ tó kọjá. Isamu ní òun ni.

"Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wò ẹ́, o ò ṣẹ́gun rí," ni bàbá wí. "Mi ò lè fi ọmọ mi fún òkú."

Ọ̀rọ̀ náà ba Fusae bí omi dídì. Ó ní òun á tẹ̀lé Isamu lọ láìgbàṣẹ bàbá, ṣùgbọ́n Isamu kọ̀.

"Ààyò mi, bàbá kan ṣoṣo lo ní. Kíkú ò le fún mi, ṣé dídúró ni yóò wá le?"

Bàbá ní tirẹ̀ kò dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, ó gba ibi tí wọ́n ti ń ya eré lọ, láti sọ fún Isamu pé kó jáwọ́. Fusae gbọ́, ó sáré tẹ̀lé e. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì dúró sẹ́yìn kámẹ́rà títí wọn yóò fi ya eré náà tán.

Idà ba Isamu láyà, ó yí bìrí, ó ṣubú láti òkè àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀. Olùdarí ní irú ikú yẹn kò tíì sí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Fusae pàápàá pàtẹ́wọ́.

Bàbá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Bó ṣe máa ń ṣubú kọ́ nìyí," ló wí. "Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló máa ń balẹ̀ kẹ́yìn." Ló bá bẹ́ sáré.

Fusae ya á sílẹ̀, ó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn orí Isamu gbóná. Èyí tí wọ́n fi ń ṣeré kì í gbóná. Àtẹ́lẹwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pàtẹ́wọ́ ló fi di ojú ọgbẹ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Isamu ò fi lajú ní ilé ìwòsàn. Bàbá ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Òun ni Isamu kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó sì fẹ́ dìde kí i. Bàbá dá a padà sórí ìrọ̀rí.

"Dùbúlẹ̀. Mo rò pé mo ti rí òkú rẹ rí ni. N kò rí i rí, n kò sì fẹ́ rí i. Oṣù wo lẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó?"

Fusae jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ nọ́ọ̀sì funfun rẹ̀.

"Oṣù kẹrin, Bàbá," ni Isamu rọra dáhùn.

"Ó ti pẹ́ jù," ni bàbá wí. "Oṣù kẹta."