Ariwo Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìtẹ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọn ò bá ìdì ìbéèrè ìdánwò níbẹ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn ló mọ ìṣó tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́. Kámẹ́rà aláìlówáyà nìkan ni ẹ̀ṣọ́, kámẹ́rà ọ̀hún sì ti fọ́jú fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, láti agogo méjìlá.

"Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa kámẹ́rà," ni ìyá tó ni ilé iṣẹ́ wí fún ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó wá ṣèwádìí. "Ẹ gbé e lọ."

"Mi ò fọwọ́ kàn án, mà. Tí wọ́n bá mú mi, ta ló tún máa gbé kọ̀ǹpútà fún mi ṣe?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀sọ̀, fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà ọmọbìnrin náà. Nọ́ńbà méjì ni kọ̀ǹpútà náà ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú.

"Kí lèyí?"

"Èyí àkọ́kọ́ ni agbára ohùn Wáífáì tí kámẹ́rà fi ń ránṣẹ́ sí wa, sà. Èkejì ni ariwo tó yí i ká. Bó bá ṣe ń sún mọ́ òdo, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i."

Ohùn dúró sí -48 látàárọ̀. Ariwo wà ní -91, ó fò dé -57 lágogo méjìlá, ó sì padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ẹ̀sọ̀ bọ́ sí sítọ̀, lódìkejì ògiri. Àbúrò ìyá náà ló ń mójú tó ibẹ̀.

"Bọ̀dá, máíkírówéfù tẹ́ ẹ fi ń gbóúnjẹ kaná yìí ń kọ́?"

"Ó ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, sà. Páálí rẹ̀ nìyẹn, alátùn-únṣe ń bọ̀ wá gbé e. Oúnjẹ tútù ni mò ń jẹ, ẹ wo ayé mi."

Ẹ̀sọ̀ pe ìyá náà wá, ó ní kí ọmọbìnrin náà máa wo nọ́ńbà ariwo lórí kọ̀ǹpútà. Ó bu omi sí kọ́ọ̀bù, ó gbé e sínú ẹ̀rọ náà, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"-57, sà," ni ọmọbìnrin náà wí láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ká ní wọ́n pa Wáífáì ni, ohùn ni ì bá lọ sílẹ̀," ni Ẹ̀sọ̀ wí. "Ohùn ò mì. Ariwo máíkírówéfù yìí ló bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó gbóúnjẹ kaná ò ṣẹ èèyàn. Bọ̀dá, kí ló dé tí o fi ní ẹ̀rọ yìí ti kú?"

Ẹ̀sọ̀ ṣí páálí. Ìdì náà wà nísàlẹ̀, wọn ò tíì já èdìdì rẹ̀.

Ìyá yọ kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, ó lọ fi sí ọmọbìnrin náà lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, má bínú."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ yẹn ná, mà. Kámẹ́rà ò tíì ríran."