Etí Ọ̀tún Nìkan

Ọjọ́ tí Atẹ̀wé kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Dókítà Etí, eku ló fẹ̀sùn kàn.

"Eku ló jẹ ẹ́," ó wí, ó sì gbé íápíìsì rẹ̀ lé orí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ parí."

Dókítà Etí kì í ṣe dókítà kankan. Íápíìsì ló ń tún ṣe, àwọn kékeré tí wọ́n ń ki bọ ihò etí, ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé wáyà náà súnmọ́ iná. Ó gé gbọnrangandan. Kò sí àmì eyín kankan lára rẹ̀.

"Eku yín yìí mọṣẹ́ o," ó ní. "Ó jọ pé ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bó ara wáyà, ó yọ́ léèdì lé e, ó sì lẹ̀ ẹ́ padà. Nígbà tí ó ní kí ó gbọ́ ọ wò, ti ọ̀tún nìkan ni obìnrin náà ki bọ etí. Ó mi orí pé ó ti dáa.

"Ti òsì ńkọ́?"

"Ti òsì náà dáa," ó dáhùn. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Oṣù kò tíì parí tí ó tún fi padà wá. Wọ́n ti gé e. Ó tún un ṣe. Nígbà tí ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, Dókítà Etí wò ó lójú.

"Ẹ má bínú o. Eku yìí, ṣé kì í ṣe pé ẹ jọ ń jẹun lórí tábìlì kan náà?"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Atẹ̀wé lójijì. Kí ó tó rẹ́rìn-ín tán, omi ti gba ojú rẹ̀.

"Ìyá mi ni," ó wí.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ ni obìnrin náà máa ń jókòó láti àárọ̀, tí sísọ́ọ̀sì a máa fì dirodiro ní ọrùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní kékeré. Ohun tó sì ń sọ nípa ìkọ̀sílẹ̀ náà kò ju ọ̀kan lọ: "Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀. Á dúró sí ẹnu ọ̀nà, á gbé fóònù sétí, á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí èmi ò gbọ́." Nítorí náà, bí ọmọ rẹ̀ bá ti ki nǹkan bọ etí, tí ẹnu rẹ̀ wá là díẹ̀, Ìyá Aránṣọ á dìde, á bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, á sì gé e. Kì í pariwo. Á padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni íápíìsì yìí. Ilé iṣẹ́ kan ló máa ń gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀, Atẹ̀wé á gbọ́ ọ, á sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́rọ̀ kan sí òmíràn.

"Etí òsì yín ńkọ́?" Dókítà Etí béèrè jẹ́jẹ́.

"Ó ti kú. Mo fi aṣọ oníbàárà nu ilẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá mi gbá mi létí."

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, ọwọ́ kejì là á fi fà á mọ́ra. Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ kan na ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ kejì ò rántí iṣẹ́ tirẹ̀ títí di òní.

Dókítà Etí fa àga súnmọ́ tábìlì. Ó mú íápíìsì náà, ó fi abẹ tínrín la ìdí rẹ̀, ó sì yọ wáyà àtijọ́ dànù. Ó lu ihò kékeré sí ibi tí wáyà ń gbà wọlé, ó ki sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò tó èékánná ìka ọmọ ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi gúlú dì í, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ki wáyà tuntun bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, ó tún ki í bọ̀ ọ́.

"Ẹ wò ó. Wọ́n lè gé wáyà. Wọn ò ní lè ba orí íápíìsì jẹ́ mọ́. Ẹ ó yọ èyí tí wọ́n gé, ẹ ó ki òmíràn bọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣeun," ni obìnrin náà wí, ó sì fẹ́ máa lọ.

"Ẹ dúró. Mi ò tíì ṣe tán."

Nínú iṣẹ́ Atẹ̀wé, ohùn ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ń gba etí kan wọlé, ti ẹni tó ń dáhùn ń gba èkejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbọ́ ohun gbogbo, á gbọ́ ìbéèrè tán, á ki íápíìsì kejì bọ etí ọ̀tún, á tún padà lọ gbọ́ ìdáhùn. Dókítà Etí ṣe wáyà kan fún un tó jẹ́ apá ọ̀tún nìkan ló ní, ó sì da ohùn méjèèjì pọ̀ sínú rẹ̀.

Atẹ̀wé ki í bọ etí. Ó jókòó láìmira. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Wọ́n ń dá ara wọn lóhùn," ó wí. "Àṣé wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà! Ọkùnrin yìí béèrè, obìnrin yìí sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ̀ rí!"

Ọkàn Dókítà Etí yọ́ bí léèdì lábẹ́ iná. Láti ọjọ́ náà ni ó ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ìfẹ́ wọn dùn. Ní ọ̀sán, bí kò bá sí oníbàárà, yóò pè é, ohùn rẹ̀ yóò gba wáyà tí òun fúnra rẹ̀ ṣe wọlé. "Ẹyinjú mi, ṣé o ti jẹun?" "Mo ti jẹun, Dókítà mi. Ìwọ ńkọ́?" Bí wọ́n bá jọ ń rìn, ọ̀tún obìnrin náà ni ọkùnrin náà máa ń rìn sí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Aránṣọ tún gé wáyà lọ́jọ́ kan. Kí sísọ́ọ̀sì tó padà sọ́rùn rẹ̀, ọmọ ti fa òmíràn yọ lápò, ó ti ki í bọ̀ ọ́, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ìyá dúró, ó ń wò ó.

"Ta ló ṣe ìyẹn fún ọ?"

"Ẹnì kan ni, Màámi."

"Ọkùnrin?"

Atẹ̀wé tẹjú mọ́ iṣẹ́.

"Ó dáa," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ sì tutù pẹ̀sẹ̀. "Kí èmi àti ìyá rẹ̀ rí ara wa."

Inú Atẹ̀wé dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ó béèrè lọ́wọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé o ti sọ ọ̀rọ̀ etí mi fún màmá rẹ?"

"Mo ti sọ fún wọn," ni Dókítà Etí dáhùn. "Wọ́n ní kì í ṣe nǹkan bàbàrà."

Irọ́ ni. Kò sọ nǹkan kan. Tíṣà ni ìyá rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, Màmá Tíṣà ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Kò sí ohun tí obìnrin náà gbà gbọ́ àfi tí ó bá dán an wò fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ìyá yìí ń ba ọmọ rẹ̀ títí tí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n rẹ̀.

Ilé Màmá Tíṣà ni wọ́n ti pàdé, ní pálọ̀ tí kò sí eruku lójú àga kan. Ẹ̀gbọ́n Dókítà Etí obìnrin wà níbẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Atẹ̀wé kúnlẹ̀ kí wọn. Màmá Tíṣà fún un ní omi tútù, ó sì bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ geerege, àfi ìgbà tí Ìyá Aránṣọ gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ láti apá ọ̀tún o," ó wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé etí òsì rẹ̀ ti kú."

Màmá Tíṣà yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Òótọ́?" ni Màmá Tíṣà wí. Ó dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣí fèrèsé, ó gba ẹ̀yìn àga Atẹ̀wé kọjá, ó sì dúró sí òsì rẹ̀. Kò sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́.

"Ìdajì ènìyàn ni ọmọ mi rà wálé yìí. Níbo ló gbàgbé ìdajì tó kù sí?"

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Atẹ̀wé wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wo ojú olólùfẹ́ rẹ̀. Ó rí i tí eyín rẹ̀ là. Nígbà náà ni òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Háà, Màmá mọ̀ ọ́n ṣe o!" ó wí, ayọ̀ wà lójú rẹ̀. "Ẹ ti pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín."

"Ẹ rí i?" Màmá Tíṣà sọ fún àwọn yòókù. "Kò gbọ́."

Ìyá Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí ọ̀tún ọmọ rẹ̀. Ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka iye ìwọ̀n aṣọ. Ó wá fi kún un pé, "Ọkọ rẹ náà gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Dìde, ká máa lọ sílé."

Wọ́n lọ. Ìyá Aránṣọ ń kọrin jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, kò gé wáyà ọmọ rẹ̀ mọ́. Kò sí ìdí tí yóò fi gé e.

Lọ́jọ́ kejì, Atẹ̀wé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"O ní o ti sọ fún wọn."

"Mò ń wá àyè tó dáa ni. Ẹyinjú mi, dárí jì..."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?"

"Mo gbọ́."

"O sì rẹ́rìn-ín."

"Ìyá mi ni! Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n bá ìyá mi jà lójú àlejò? Gbogbo ilé ló ń rẹ́rìn-ín."

"Mo mọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n wí, mo bá wo ojú rẹ. Mo ní bí inú tìẹ bá dùn, ohun tó dáa ni wọ́n sọ. Ojú rẹ ni mo fi ṣe etí mi. Ohun tí Màmá sọ, mo lè gbàgbé ẹ̀. Ti ìyá mi, ó ti mọ́ mi lára. Ìwọ lo jẹ́ kí n bá wọn fi ara mi ṣẹ̀sín."

Dókítà Etí na ọwọ́ sí i. Obìnrin náà ti jáde.

Màmá Tíṣà wá ìyàwó tí etí rẹ̀ pé fún ọmọ rẹ̀. Etí méjèèjì ló ń gbọ́, gbogbo ohun tí Màmá Tíṣà ń sọ ló sì ń gbọ́. Ilé náà kò rójú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ àkọ́kọ́, Dókítà Etí rí Atẹ̀wé níbi tí àwọn ènìyàn tò sí níwájú báǹkì. Ó ti rù díẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tún, ó di apá rẹ̀ mú, ó ń bá ẹnì kan tó wà níwájú sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà rìn wá títí ó fi dúró sí òsì Atẹ̀wé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbọ́ òórùn ọṣẹ aṣọ rẹ̀.

"Dárí jì mí, ẹyinjú mi," ó wí. "Mo gbọ́ ohun tí Màmá sọ kí n tó rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo sì rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ràn ẹlòmíràn rí."

Atẹ̀wé kò yíjú. Ẹni tó wà níwájú wọn sún, òun náà sún tẹ̀lé e.

Bí Dókítà Etí bá fọwọ́ kàn án léjìká, yóò yíjú. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ti sọ ọ́, ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ara ẹni tí wọ́n ti dárí jì.