Ọkùnrin Tó Ń Fi Elése Àlùkò Bú Èèyàn

Gbogbo àwọn tó ń ta ìwé ìtàn aláwòrán àtijọ́ ló mọ ọkùnrin yìí. Ojúlówó ni wọ́n ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fún ara rẹ̀ lóríkì, ẹ ṣọ́ra fún un o!

Tó o bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, o lè rò pé ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn àgbàlagbà tó kà á ní kékeré ń wá a lójú méjèèjì, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe rí ni wọ́n sì ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayẹ̀wéwò fi wà. Wọ́n á fi iná yẹ ìwé náà wò tinú tòde, wọ́n á tì í mọ́ inú ike tó mọ́ gaara, wọ́n á wá lẹ àmì pélébé kan mọ́ ọn lórí. Bí àmì náà bá jẹ́ búlúù, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe látìgbà tó ti kúrò nílé ìtẹ̀wé, ì báà ti gbó, ì báà ti ya. Bó bá jẹ́ elése àlùkò, ẹnì kan ti kùn ún tàbí kó ti lẹ̀ ẹ́. Ó lè rẹwà ju ti búlúù lọ, síbẹ̀ àwọn oníbàárà á máa yínmú sí i.

Ojúlówó mọ̀ ọ́n kùn. Níbi tí àwọ̀ bá ti ṣí, á fi ọ̀dà tọ́ ọ. Níbi tó bá ti ya, á fi gọ́ọ̀mù sí i. Etí tó bá ti rún, á fi abẹ gé e kó lè gún. Lẹ́yìn náà á wo oníbàárà lójú kòrókòró, á ní, "Ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe rí."

Bẹ́ẹ̀ ni elése àlùkò ṣe di èébú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ àtikékeré kan tó ń di ìwé. Ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ọ̀rẹ́ yìí jẹ́ tán kí Jésù tó gbà á. Bí Ojúlówó bá ti rí i, á pariwo: "Elése àlùkò! Wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ọ́ pọ̀ ni. Ó máa tó ṣí!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní, "Òótọ́ ni, wọ́n tún mi ṣe. Mi ò fi pamọ́. Ìwọ ńkọ́?"

Ti ìyàwó Ojúlówó ló burú jù. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wọn gbiná, obìnrin yìí ló sá wọnú èéfín lọ kó ìwé ọkọ rẹ̀ jáde. Iná bó o lójú. Awọ itan rẹ̀ ni àwọn dókítà gé fi bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sọ fún àwọn oníbàárà nígbà tí obìnrin náà bá gbé omi wá fún wọn? "Ẹ má wò ó jàre, elése àlùkò ni." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ìkà ni ọkùnrin náà, mi ò ní bá a wá orúkọ mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà ńlá kan ní òun ò ní ra ìwé kan àfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ojúlówó gbà, ó gbójú lé ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bí kò bá jẹ́ búlúù, ẹ má pè mí ní Ojúlówó mọ́." Nígbà tí ìwé náà padà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ayẹ̀wéwò, ó pe gbogbo àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó já ìdì rẹ̀ lójú wọn.

Elése àlùkò ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: wọ́n kùn ún, wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n gé etí rẹ̀. Ọwọ́ pálábá Ojúlówó ségi.

Ó yíjú yíká, ó na ìka sí ìyàwó rẹ̀. "Obìnrin yìí ni! Ẹni tí wọ́n lẹ̀ lójú ló ń lẹ nǹkan mi!"

Àwọn ọlọ́jà bú obìnrin náà. Ẹnì kan tutọ́ síwájú rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí, ó mú ìborùn rẹ̀, ó sì gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ǹjẹ́ ó tẹ́ Ojúlówó lọ́rùn? Rárá o. Ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun jẹ́rìí, kó sọ pé ọwọ́ òun ọ̀rẹ́ yìí ni obìnrin náà ti ra gọ́ọ̀mù.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ tó fi ń rán ìwé sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, ìwọ náà lọ sílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní kékeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi Jésù ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n dé e ládé ẹ̀gún, irú aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún un?"

Ojúlówó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ máa lọ.

"Sọ ọ́."

"Elése... elése àlùkò."

"Kò ní àbààwọ́n kankan, síbẹ̀ ó gbé ẹ̀gàn wa wọ̀. Ìwọ tí gbogbo ara rẹ jẹ́ kìkì gọ́ọ̀mù, ò ń wá ẹni tó o máa gbé tìrẹ wọ̀!"

Ọkùnrin náà wó lulẹ̀ sáàárín àwọn ègé ìwé, ó ń ké bí ọmọdé. "Jésù, èmi ni mo kùn ún. Mo purọ́ mọ́ ìyàwó mi. Ṣàánú mi!" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, wọ́n jọ gbàdúrà, Olúwa sì gbà á.

Ó padà lọ jẹ́wọ́ fún àwọn ọlọ́jà. Wọ́n hó lé e lórí, kò sì sẹ́ nǹkan kan. Ó wá lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ dìde. Mo ti dárí jì yín, látọkàn wá ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín gbélé mọ́ láéláé." Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ìwọ tó ń ka èyí, o ti ń retí kí n sọ pé obìnrin náà padà. Kò padà. Jésù gba ọkùnrin náà lọ́jọ́ tó ké pè é, ṣùgbọ́n ohun tó fi ìkà bà jẹ́ ti bàjẹ́ lójú ayé rẹ̀.

Ta ni ìwọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé rẹ? Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ wo lo dì ru ẹlòmíràn? O ní o máa ronú pìwà dà lọ́la. Ta ló fi ọ̀la dá ọ lójú? Ọkàn tó ò ń fọ́ lójoojúmọ́ yìí, ta ló sọ fún ọ pé ó máa dúró dè ọ́? Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yìí, jẹ́wọ́ fún Jésù, kì í ta ẹni tó bá wá nù. Bó o bá ti dìde, má jókòó o. Lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀ lónìí, nígbà tó ṣì lè ṣílẹ̀kùn fún ọ.