Ọwọ́ Tó Di Ìwo Màlúù Mú

Akọ màlúù dúdú jẹ koríko nírọ̀lẹ́, ó mu omi, ó wúkọ́ díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irú ikú wo nìyẹn? Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, ìyá ilé ti dáhùn.

"Ọwọ́ kan wà nílé yìí tí kò dáa," ó ní, ó sì tẹjú mọ́ Ìyàwó, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kejì fẹ́.

Ìyàwó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò tíì bímọ, ta ni wọn ì bá tún nàka sí? Oṣù tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló lọ pe dókítà ẹran, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́-Ò-Ṣeré, pé kó wá fún àwọn màlúù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń jà kiri. Òun ló ń di ìwo wọn mú, tó ń rọra bá wọn sọ̀rọ̀, tí dókítà ń gún wọn, tó sì ń lu ihò kékeré sí etí òsì èyí tó bá ti gún. Wọ́n yìn ín lọ́jọ́ náà o. Ìyìn náà ló wá di ẹ̀sùn.

"Màmá, mi ò fọwọ́ kan akọ dúdú rárá. Mi ò tiẹ̀ rí i nínú ọgbà lọ́jọ́ náà."

Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, fò dìde. "Irọ́ ńlá! Ojú mi báyìí ló ṣe dì í mú. Ó tún ń sọ̀rọ̀ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. Ṣé màlúù ń gbọ́ èdè ni?"

"Gbogbo èyí tí mo dì mú ni mo bá sọ̀rọ̀, kí ẹ̀rù má bà wọ́n."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ti jẹ́wọ́!"

Nígbà tí màlúù kejì fi kú, àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi ti ń sá fún un. Òwìwí kan wá ń bà lórí òrùlé yàrá rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Eku kún inú àká oúnjẹ ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa sọ̀rọ̀ eku nígbà tí àjẹ́ wà nílẹ̀?

"Àjẹ́ ké lánàá, ẹran kú lónìí," ni ìyá ilé ń wí kiri. "Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ẹran jẹ?"

Nígbà tí ẹ̀kẹta ṣubú, ìyá ní kí Ìyàwó kúrò nílé kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀ síta, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà bí ìgbà tí èèyàn ń da ilẹ̀ nù. Èyí dun Ìyàwó ju gbogbo èébú ìyá lọ.

"Ìwọ náà?" ó bi í.

"Jẹ́ kí ọkàn Màmá rọlẹ̀ ná," ọkọ ní. Kò wo ojú rẹ̀.

Inú bí Ìyàwó débi pé ẹkún kọ̀, kò wá. Kò fọwọ́ kan báàgì, ilé dókítà ló gbà lọ. Abẹ́rẹ́-Ò-Ṣeré ń fọ bàtà rọ́bà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnu ọkùnrin náà mú, kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn ún sọ.

"Wọ́n ní oògùn mi ti wá di àjẹ́ báyìí? Ó dáa. Jẹ́ ká lọ."

Inú kòtò ni wọ́n bá Bọ̀ọ̀dá, ó ń fi ṣọ́bìrì da yẹ̀pẹ̀ bo òkú ẹran kẹta náà wàràwàrà.

"Dúró!" dókítà pariwo. "Ẹ ní mo gún un lábẹ́rẹ́. Jẹ́ kí n wò ó."

Bọ̀ọ̀dá gbé ṣọ́bìrì sókè. "Tó o bá sọ̀ kalẹ̀, màá là á mọ́ ọ lórí!"

"Là á. Wọ́n á bi ọ́ léèrè ohun tó o fẹ́ bò."

Dókítà sọ̀ kalẹ̀. Ó nu yẹ̀pẹ̀ kúrò létí òsì ẹran náà, ó pe ìyá, ó pe gbogbo ará àdúgbò tó ti ń rọ́ wá wòran. Etí náà pé pérépéré.

"Ihò dà? Èyí ò fojú kan abẹ́rẹ́ mi rí! Ẹ wo àwọn tí mo lu etí wọn nínú ọgbà. Èwo ló ń wúkọ́ nínú wọn?"

Kò sí èyí tó ń wúkọ́. Bọ̀ọ̀dá ń làágùn.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ó ní. "Mo gbọ́ pé dókítà máa ń kọ iye ẹran sílẹ̀. Mo bá kó àwọn tó dáa jù lọ sẹ́yìn odò, kí ojú burúkú má baà wọ̀ wọ́n."

"Ẹ̀yìn odò, níbi tí ẹran oníkọ́ ti ń mu omi!" dókítà ní. "O ò kà wọ́n fún mi, o kà wọ́n fún ikú."

"Èmi nìkan kọ́!" Bọ̀ọ̀dá ké. "Màmá ló ní kí n kó wọn pamọ́!"

Ìyàwó yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, ẹ mọ̀? Látọjọ́ tí akọ dúdú ti kú, ẹ mọ̀ pé mi ò fọwọ́ kàn án?"

Arúgbó náà ò sẹ́. Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Mo mọ̀. Ṣé kí ayé wá fi àkọ́bí mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ìyàwó, a lè fẹ́ òmíràn. Ọmọ, èmi ni mo bí i."

Ọkọ sáré lọ gbé báàgì. "Jẹ́ kí n bá ẹ gbé e wọlé. Má bínú, ọ̀rọ̀ ti tán."

"Gbé e sílẹ̀," Ìyàwó ní.

Ó gbé e rù fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ó ń lọ ni, wọ́n yà fún un lọ́nà. Iwájú ìyá ọkọ rẹ̀ ló lọ dúró.

"Ẹ fẹ́ kí n lọ kí ojú má baà tì yín. Mi ò lọ. Ibí ni màá máa gbé. Láràárọ̀ ni màá máa kí yín, ẹ ó sì máa dá mi lóhùn."

Ó wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

Ìyá kọjú sí ògiri.

"Mi ò gbọ́ o, Màmá. Mo ní ẹ káàárọ̀."

Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀ títí ìyá fi dáhùn.