Áàpù Tó Pe Gbogbo Ìlú Nítorí Ẹ̀jẹ̀ Ẹnì Kan

Àárọ̀ Sátidé ni. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú láàárín àwọn òkè Ọ̀kà Àkókó. Nọ́ọ̀sì Tẹjúmádé jókòó ní yàrá àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìgbẹ̀bí tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń mu kókó gbígbóná, ó sì ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí olólùfẹ́ rẹ̀, Ismaheel, fi ránṣẹ́ láti Ìkàrẹ́.

"Adúmáadán mi, bí n kò bá rí ọ lónìí, oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

Tẹjúmádé rẹ́rìn-ín músẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó mọ̀ pé ọ̀gbẹ́ni yìí ti jẹ ìrẹsì kó tó kọ ọ́. Ó fẹ́ fèsì ni Mátírọ́ọ̀nù já wọlé.

"Tẹjú! Ẹ̀jẹ̀ Mary tó bímọ láàárọ̀ yìí kò dá o. Dókítà ń sa gbogbo ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní O nẹ́gátíìfù ni tirẹ̀, kò sì lè gba irú mìíràn. Pe àwọn ẹgbẹ́ yín!"

Ẹgbẹ́ Ọlọ́rẹ-Ẹ̀jẹ̀ ni Mátírọ́ọ̀nù ní lọ́kàn, àwọn ará Ọ̀kà, Ìkàrẹ́ àti àyíká wọn tó gbà láti máa fi ẹ̀jẹ̀ wọn ta aláìsàn lọ́rẹ. Ismaheel ló kọ́ áàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn. Nọ́ọ̀sì yóò ṣí i lórí fóònù, yóò yan irú ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn ń fẹ́, yóò sì tẹ "Pè". Áàpù náà yóò wá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá a mu, yóò sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe oníkálukú ní ẹnu ìlú tirẹ̀. Ará Ọ̀kà á kà á bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ọ̀kà, ará Ìkàrẹ́ náà á ka tirẹ̀.

Tẹjúmádé ṣí áàpù náà kíá. Ó yà á lẹ́nu pé kò rí ibi tó ti máa ń yan irú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ó ní bóyá Ismaheel ti tún un ṣe ni, bóyá áàpù náà ti gbọ́n débi tí kò fi nílò ìbéèrè mọ́. Ó tẹ "Pè". Fóònù dáhùn pé: "Ó ti lọ."

Kò pẹ́ rárá tí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Sàídì mẹkáníìkì, pẹ̀lú sípánà nínú àpò ṣòkòtò.

"Nọ́ọ̀sì, mo ti dé o! Ẹ fà á! Ẹ̀jẹ̀ mi le, ẹ̀wà ni mo jẹ láàárọ̀."

"Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá Sàídì. Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni tiyín?"

"Pupa ni."

"Ẹ̀ẹ́n?"

"Ṣé èyí tó ní àwọ̀ mìíràn wà ni?"

Kí Tẹjúmádé tó rẹ́rìn-ín tán, àwọn obìnrin oníṣòwò ti dé, àwọn olùkọ́ dé, àwọn ọlọ́kadà dé, akẹ́kọ̀ọ́ láti Àkùngbá dé. Àgbàlá kún, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ irú ẹ̀jẹ̀ ara wọn; inú áàpù ló wà. Ẹni tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ń gún ìka, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ń mi orí. "Kì í ṣe èyí. Kì í ṣe èyí náà."

Ọláfimíhàn, ọkọ Mary, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ tuntun láyà. Ó ń wo èrò náà bí ẹni tó ṣìnà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́," ó bi Tẹjúmádé, "nínú gbogbo èèyàn yìí, ta ni ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi wà lára rẹ̀?"

Tẹjúmádé tún ṣí áàpù náà. Ó wo fóònù. Orúkọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, ìlú wà níbẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni kò sí níwájú orúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

Ariwo wá pọ̀ jù. Mátírọ́ọ̀nù bọ́ síta, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará wa, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti pọ̀ jù! Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ máa lọ sílé, ẹ ń dí ọ̀nà mọ́ wa."

Àwọn tó wà lẹ́yìn yípadà. Pius wà lára wọn, olùkọ́ orin kan láti Ìkàrẹ́, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Èèyàn ti pọ̀ tó. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe?" Ó gun ọ̀kadà, ó kọrí sílé.

O nẹ́gátíìfù ni Pius. Òun nìkan sì ni láàárín gbogbo èrò ọjọ́ náà.

Tẹjúmádé pe Ismaheel. Ohùn rẹ̀ tó máa ń dùn bí oyin le koránkorán.

"Ismaheel, kí lo ṣe sí áàpù yìí?"

"Olólùfẹ́ mi, káàárọ̀ ná."

"Má kí mi! Gbogbo Àkókó ló wà lágbàlá wa. Ẹ̀jẹ̀ Mary ń tán lọ, mi ò sì mọ ẹni tí mo máa pè."

"Èmi ò fọwọ́ kan nǹkan kan láti ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá. Ìwọ ńkọ́, kí lo tẹ̀?"

"Ó ti di ẹjọ́ mi báyìí, àbí? Ṣé ìfẹ́ rẹ náà nìyẹn?"

Ismaheel fi fóònù sápò. Ó fò sórí ọ̀kadà. Nígbà tó dé Àkùngbá, ó yà gbé Àǹtí Ẹ̀bùnọlá, obìnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nítorí orí òun alára ti dàrú. Àwọn méjèèjì wọ Ọ̀kà pẹ̀lú eruku lára.

Àǹtí Ẹ̀bùnọlá gba fóònù lọ́wọ́ Tẹjúmádé, ó wọ ibi ìṣàkóso áàpù náà.

"Ta ló ti nǹkan pa níbí?"

Tẹjúmádé gbé ojú sílẹ̀. "Èmi ni, Àǹtí. Ní ìpàdé ẹ̀ka Ọ̀kà, wọ́n ní áàpù náà ń jẹ dátà jù, pé ohun tó bá jẹ́ ti Ìkàrẹ́, kó wà ní Ìkàrẹ́. Mo wọ ibẹ̀, mo rí nǹkan méjì lábẹ́ 'Ẹ̀ka Ìkàrẹ́'. Ọ̀kan ni iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ lédè Ìkàrẹ́. Èkejì ni 'Àsẹ́ Ẹ̀jẹ̀'. Mo pa méjèèjì. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìkàrẹ́ ló ń sẹ́."

"Ismaheel, àsẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣa irú ẹ̀jẹ̀ tó bá aláìsàn mu, kí ló ń ṣe lábẹ́ Ìkàrẹ́?"

"Ẹ̀ka Ìkàrẹ́ ló mú àbá rẹ̀ wá, Àǹtí. Nígbà tí a ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlú ló ní kí orúkọ ìlú àwọn hàn lára ohun tí àwọn bá mú wá, kí àwọn sì lè yọ ọ́ nígbàkigbà, kí ìlú kan má baà jọba lé ìkejì lórí. Èmi náà wá sọ gbogbo rẹ̀ di plọ́gíìnì, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀."

Àǹtí Ẹ̀bùnọlá mí kanlẹ̀. Ó kọjú sí Tẹjúmádé.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ṣé o tì í pa ni, àbí o yọ ọ́ dànù?"

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Bí o bá tì í pa, ó ń sùn ni. Bí o bá yọ ọ́ dànù, gbogbo irú ẹ̀jẹ̀ tó tò pamọ́ ti bá a lọ."

Tẹjúmádé tẹjú mọ́ ojú fóònù. "Mi ò rántí, Àǹtí. Mo kàn tẹ nǹkan kan ni."

Nínú yàrá, ọmọ tuntun bú sẹ́kún. Àǹtí Ẹ̀bùnọlá fi ìka tẹ fóònù. Fóònù rò ó, ó rò ó. Lẹ́yìn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oníkálukú, irú ẹ̀jẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìràwọ̀.

"Ó ń sùn ni," ni Àǹtí wí. "Yan O nẹ́gátíìfù. Tẹ 'Pè'."

Pius ti kọjá Àkùngbá nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó kà á: "Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ gan-an là ń wá. Jọ̀wọ́ má pẹ́."

"Ọ̀gá, yí padà!" ó kígbe sétí ọlọ́kadà.

"Kí lẹ gbàgbé, Tíṣà?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi!"

Ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn wò ó bóyá orí rẹ̀ pé, síbẹ̀ ó yí padà.

Nígbà tí wọ́n ń dúró, ojú Tẹjúmádé kò kúrò lójú títì. Ismaheel dúró tì í, kò sì mọ̀ bóyá kí òun di ọwọ́ rẹ̀ mú tàbí kí òun sá.

"Àǹtí," Tẹjúmádé ní, "ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. Kí ló ń jẹ́ plọ́gíìnì?"

"Wo ara rẹ. Ẹ̀dọ̀, ọkàn, ìfun: oníkálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀ àti àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ara kan ni gbogbo wọn. Irú apá bẹ́ẹ̀ nínú áàpù là ń pè ní mọ́dúùlù. Yẹtí ńkọ́? O lè wọ̀ ọ́ lónìí, kí o bọ́ ọ lọ́la, ìwọ Tẹjúmádé ṣì wà. Ìyẹn ni plọ́gíìnì. Ismaheel wá fi ọkàn rẹ kọ́ etí."

"Gíláàsì ńkọ́? Bí mo bá bọ́ gíláàsì mi, mi ò ríran."

Ismaheel fẹ́ rẹ́rìn-ín. Tẹjúmádé wò ó. Ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ni Àǹtí dáhùn. "Bí o bá bọ́ gíláàsì, o ò ní ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ kò ní jábọ́. Bí ẹ bá yọ èdè Ìkàrẹ́, ará Ìkàrẹ́ á ka Yorùbá gbogbo gbòò, á ráhùn díẹ̀, ṣùgbọ́n á wá. Ẹ̀tọ́ ni kí èdè ìlú kọ̀ọ̀kan jẹ́ plọ́gíìnì. Ṣùgbọ́n mímọ irú ẹ̀jẹ̀? Iṣẹ́ tí a tìtorí ẹ̀ kọ́ áàpù nìyẹn."

"Ó dáa, Àǹtí," ni Ismaheel wí, "ṣé kí n kúkú po gbogbo kóòdù náà pọ̀ sójú kan ni, kí ẹnikẹ́ni má lè yọ nǹkan kan?"

"Rárá o! Bí ẹ̀dọ̀ àti ìfun bá lẹ̀ pọ̀, dókítà tó fẹ́ tún ọ̀kan ṣe yóò gé èkejì. Pín in sí mọ́dúùlù, kí àyè wọn yàtọ̀. Kàn má gbé e sí ibi tí ẹni tó ń ṣahun dátà yóò ti rí i pa."

"Ó jọ pé ó ń yé mi," ni Tẹjúmádé wí. "Àbí kò yé mi?"

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Pius ti ń sáré wọlé, aṣọ rẹ̀ kún fún eruku. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n gún ìka rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn, wọ́n sì wò ó bóyá ó bá ti Mary mu. Lọ́tẹ̀ yìí, orí tí wọ́n ń mì láti àárọ̀ di èyí tí wọ́n ń mì sókè sódò pé ó bá a mu, wọ́n sì fà á sí Mary lára.

Ní ìrọ̀lẹ́, Mary la ojú. Ó béèrè ọmọ rẹ̀. Ọláfimíhàn gbé ọmọ náà tì í, ó sì yí ojú sí ògiri kí àwọn èèyàn má baà rí omijé rẹ̀.

Ismaheel bá Tẹjúmádé lábẹ́ igi ìta. "Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo ṣì ń bínú. Lọ gbé ọkàn áàpù yẹn padà sáyà rẹ̀ ná. Lẹ́yìn ìyẹn, kí o wá wí tìrẹ."

Ó lọ. Ó sọ àsẹ́ ẹ̀jẹ̀ di mọ́dúùlù nínú áàpù náà gan-an, níbi tí orúkọ ìlú kankan kò sí. Èdè àwọn ìlú nìkan ló kù fún títì àti ṣíṣí. Nígbà tí àwọn ará ìlú Ìpè náà mú èdè tiwọn wá, wọ́n kàn fi í kún un, kò sì sí ohun mìíràn tó mì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ áàpù fún ilé ìwòsàn, ilé ìwé tàbí ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ má fi ẹni tó mú àbá wá pín iṣẹ́ inú áàpù, iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe ni kí ẹ fi pín in. Ohun tí áàpù kò lè ṣaláìní, ẹ kọ ọ́ ní mọ́dúùlù. Ohun tí àwọn kan fẹ́ tí àwọn mìíràn kò fẹ́, ẹ ṣe é ní plọ́gíìnì, kí ẹ sì dán an wò bóyá áàpù ṣì ń ṣiṣẹ́ bí a bá pa á. Bí ohun pàtàkì kan kò bá sí níbẹ̀, ó sàn kí áàpù kọ̀ láti ṣiṣẹ́, kó sì sọ ìdí, ju kó máa pe gbogbo ìlú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó náà, bí ohun tí ẹ mọ̀ lójú áàpù bá dédé pòórá, ẹ má rò pé ó ti gbọ́n sí i ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ má sì ki plọ́gíìnì tí ẹ kò mọ orírun rẹ̀ bọ inú áàpù tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ara àwọn èèyàn.

Kí ìka yín tó kan bọ́tìnì ìyọkúrò, ẹ bi ara yín léèrè: bí èyí bá lọ, ṣé ẹwà ni yóò dín kù, àbí ẹ̀mí?