Egungun Ìbàdí Lékeléke

Ẹsẹ̀ kan ni dókítà náà fi dúró nígbà tí Lékeléke kọ́kọ́ fojú kàn án. Ó ká ẹsẹ̀ kejì sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì, aṣọ funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú fèrèsé, ó sì ń kọ́ bàbá àgbàlagbà kan ní eré ìdárayá tí yóò máa ṣe nílé. Nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn kó tó yẹ. Ẹ̀rín pa Lékeléke débi pé ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n sinmi: ọkùnrin náà rẹwà. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun rẹwà, ìyẹn ló wá burú jù.

Eléré ìje ni Lékeléke, ọ̀nà jíjìn ló máa ń sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn gbọọrọ ló jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bàbá rẹ̀ ni kóòṣì rẹ̀ láti kékeré. Ìje tí wọn yóò fi yan àwọn tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìrora kan ń gún un níbi tí itan ti so mọ́ ìbàdí. Bàbá ní iṣan ló fà. Wọ́n ti ya àwòrán ibẹ̀ níbòmíràn, wọn ò rí nǹkan kan.

"Ẹ ti fi mí rẹ́rìn-ín," ni dókítà wí nígbà tí bàbá àgbàlagbà náà jáde. "Ó yá, ẹ̀yin náà, ẹ fẹsẹ̀ kan dúró ká wò ó."

"Ìyẹn nìkan? Dókítà, ẹ ò mọ irú ẹni tí mo jẹ́ ni."

Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Lójú ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì di ejìká dókítà mú gbágbá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ṣòkòtò ńkọ́?" ni dókítà rọra bi í.

"Mo máa ń jókòó wọ̀ ọ́ ni." Ó ronú díẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó wọ̀ ọ́."

Dókítà fi í ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n máa ń ti èèyàn wọ̀, èyí tó ń rí ohun tí àwòrán àkọ́kọ́ kì í sábà rí. Nígbà tí èsì dé, ó fi ìlà kan hàn án lára egungun ìbàdí, ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí.

"Ó ti sán níbí. Ẹ ò ṣubú, ẹnikẹ́ni ò sì lù yín. Egungun yín fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe, ẹ ò jẹ́ kó ráyè."

"Ṣé ẹ máa là mí ni?"

"Rárá o. Ìsinmi ló máa wò ó. Ẹ máa fi ọ̀pá rìn fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa máa rìn nínú omi."

"Ìje mi ńkọ́?"

"Tẹ́ ẹ bá sá a báyìí, ó lè ṣẹ́ pátápátá. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Omi lé ròrò sí i lójú. Dókítà ò sọ pé kó má sunkún. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó jókòó tì í títí tó fi sunkún tán.

Adágún omi kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà. Bí Lékeléke ṣe ń rìn nínú rẹ̀, dókítà a máa wá jókòó sétí omi lẹ́yìn iṣẹ́, a ká ṣòkòtò sókè.

"Lékeléke inú omi!"

"Ìwọ tí mo bá lórí ẹsẹ̀ kan ńkọ́? Nínú àwa méjèèjì, ta ni orúkọ yẹn yẹ gan-an?"

Wọ́n ti di "ìwọ" síra wọn nígbà yẹn, wọn ò sì mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìfẹ́ ti wọlé, ó ti jókòó, ó ti bọ́ bàtà.

Àfi bí Lékeléke ṣe wá fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan tó bá àgbà obìnrin kan lórí àga olólùfẹ́ rẹ̀. Dókítà àgbà ilé ìwòsàn náà ni, Màmá Dókítà ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀. "Èmi ni màá máa tọ́jú rẹ láti òní lọ, ọmọ mi," ni màmá wí. Bàbá Lékeléke ti sọ fún un láàárọ̀ yẹn pé dókítà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò sì gbà á gbọ́. Ó jáde, ó wá ọkùnrin náà kàn lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Bàbá rẹ wá bá mi. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn tó ń ṣètò ìje pé ara rẹ ti yá, pé tí mo bá sọ ọ́, àwọn á fi mí ṣe àna."

"O wá ní kí ni?"

"Mo ní mo fẹ́ ẹ dénúdénú, ṣùgbọ́n egungun náà ò tíì jinná." Ohùn rẹ̀ lọlẹ̀. "Mo wá rí i pé ó ti ń wù mí kí n sọ ohun tó o fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá dà bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ máa tọ́jú ẹ. Iṣẹ́ yẹn ni mo kọ̀, mi ò kọ̀ ẹ́."

Inú bí i síbẹ̀. Ó yí padà láìdágbére, inú sì tún bí i pé òun yí padà.

Nígbà tó pa dà wọlé, bàbá rẹ̀ ti jókòó níwájú Màmá Dókítà.

"Ìrora yẹn ti lọ, Mà," ni bàbá ń sọ. "Kí ló tún kù?"

"Ìrora máa ń lọ kí egungun tó so pọ̀. Tirẹ̀ sì ń pẹ́ jù." Màmá kọjú sí Lékeléke. "Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́?"

Lékeléke wo ilẹ̀. "Ó ti dáwọ́ dúró tipẹ́, Mà. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí fún àwa tá a ń sáré nìyẹn."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Oúnjẹ ńkọ́?"

"Mo dín in kù, kí ara mi lè fúyẹ́."

"Ta ló ní kó o dín in kù?"

Lékeléke ò lè sọ ọ́, bí wọ́n fi ọ̀bẹ lé e lọ́rùn kò lè sọ ọ́.

"Èmi ni," ni bàbá rẹ̀ wí.

Màmá ò bú u. Ó kàn ṣàlàyé pé ebi ló dá nǹkan oṣù náà dúró, pé ara tí ebi ń pa kì í rí ohun tó máa fi mọ egungun. Bàbá bọ́ fèrè tó fi kọ́rùn, ó ń yí i po lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe dìde, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Fi ìje yẹn sílẹ̀," ló wí. "Jọ̀ọ́, jẹ ká lọ jẹun."

Ìje wáyé, ẹlòmíràn ló gba ipò rẹ̀. Orí ìjókòó àwọn òǹwòran ni Lékeléke wà, dókítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí Lékeléke fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é. Ó sunkún nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó yege. Ó dùn ún, ó dùn ún wọ egungun. Bàbá rẹ̀ wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dókítà lọ́hùn-ún.

"Dókítà," ló bẹ̀rẹ̀, "ká ní o gbà fún mi lọ́jọ́sí ni, ǹ bá fún ẹ lọ́mọ, ǹ bá sì ba ti ọmọ náà jẹ́ lọ́jọ́ kan náà. O kọ̀. Èmi ni mo wá ń bẹ̀ ẹ́ báyìí. Ṣé wàá fẹ́ ẹ?"

"Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin méjèèjì!" Lékeléke nujú. "Ṣé ẹ ti bi ẹni tí ẹ ń ná?"

Dókítà kọjú sí i.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ó jẹ́ kó dúró díẹ̀, torí ó dùn mọ́ ọn. "Mo gbà. Àmọ́ mo ṣì máa sáré o."

"Èmi á máa dúró dè ẹ́ níbi tí ìje ń parí sí."

"Ọ̀nà jíjìn ni mo ń sá. Ó máa pẹ́ kí n tó dé."

"Mi ò kánjú," ni dókítà wí.